Ẹ Bi Wá, Ká Fèsì: Iye Wa àti Ilẹ̀ Wa ní Okun

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń yí ká: mélòó ni wá, báwo la sì ṣe tẹ̀dó sórí ilẹ̀ yìí? Káàkiri ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ni wọ́n ti wá: wọ́n kọ̀wé láti Kàbbà, wọ́n kọ̀wé láti Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà náà ò gbẹ́yìn. Márùn-ún la mú nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa fẹ́ fi ránṣẹ́ síjọba sọ pé 144,579 ni àwa ará Kàbbà. Àgbà kan nínú ìpàdé ní iye náà ti pọ̀ jù, ọ̀dọ́ kan ní ó ti kéré jù. Ta ni ká gbà gbọ́? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Kàbbà)

Èsì: Àwọn méjèèjì ló rí òótọ́ sọ, ẹ̀gbọ́n. Iye yẹn kì í ṣe ti ìlú Kàbbà. Ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kàbbà/Bùnú ni, bí ìkànìyàn March 2006 ṣe kà á. Owé, ìyẹn àwọn ará Kàbbà, wà nínú rẹ̀, Bùnú wà nínú rẹ̀, àlejò tó bá wọn sùn lọ́sẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Torí náà, ó pọ̀ jù fún ìlú kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ pẹ̀lú. Ọmọ tí wọ́n kà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́dún náà ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò, torí náà ó kéré jù fún Kàbbà/Bùnú tòní. Bí ẹ bá ti ń kọ iye ènìyàn, ẹ kọ orúkọ ibi tí wọ́n kà àti ọdún tí wọ́n kà á mọ́ ọn.

Ẹ kọ iye ilẹ̀ náà sí i. Ilẹ̀ Kàbbà/Bùnú tó 2,706 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹ fi iye ilẹ̀ pín iye ènìyàn, ẹ ó rí i pé lórí ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà kan tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan, ènìyàn bíi 53 péré ló wà. Ẹ wá wo Ìlà-Oòrùn Yàgbà, tí Ìsánlú jẹ́ ibùjókòó rẹ̀: 147,641 ènìyàn lórí 1,396 kìlómítà onígun mẹ́rin, ìyẹn bíi 106. Ènìyàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kàbbà/Bùnú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ènìyàn Mopa-Muro ló kéré jù láàárín wa, 43,760 lórí 901 kìlómítà onígun mẹ́rin, bíi 49.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, torí pé iye ènìyàn nìkan ni wọ́n sábà máa ń wò tí wọ́n bá fẹ́ pín nọ́ọ̀sì àti olùkọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹgbẹ̀rún ènìyàn láàárín ìgboro Kàbbà lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹgbẹ̀rún ní Bùnú á gun ọ̀kadà gba inú igbó, á la odò kọjá, bí òjò bá sì ti mú kí odò kún, ó tún di ọjọ́ mìíràn. 53 yẹn gan-an ò sọ gbogbo rẹ̀, nítorí ó po ìgboro tí ilé fún mọ́ra pọ̀ mọ́ aginjù tí èèyàn lè rìn títí kó má rí ẹni kí.

Bí ẹ bá fẹ́ iye tó sún mọ́ tòní, ìṣirò lẹ máa ṣe, ẹ sì pè é ní ìṣirò nínú ìwé yín. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Kogí jẹ́ 2,147,756 nínú ìkànìyàn 1991, ó di 3,314,043 ní 2006. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ènìyàn ń pọ̀ sí i ní nǹkan bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ẹ mú 144,579, ẹ fi 1.03 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dé ọdún kẹwàá, ìyẹn 2016, ẹ ó rí bíi 194,300. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á ní mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ ọgbọ̀n, wọ́n á wá fi ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún iye àkọ́kọ́, wọ́n á rí 187,953. Wọ́n gbàgbé pé orí iye tuntun ni ti ọdún kejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn tó lé ní 6,000 ti sọnù sínú ìwé nìyẹn.

Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yìí, ti gbogbo ìpínlẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ti kó lọ sí Lọ́kọ́jà, Àbújá, Ìlọrin àti Èkó. Ní abúlé tí ilé títì ti pọ̀ ju ilé ṣíṣí lọ, ìṣirò yìí á ga ju òótọ́ lọ. Ní ìgboro Kàbbà, ó lè má ga tó. Ìkànìyàn tí wọ́n sì ṣètò sí May 2023 kò wáyé, wọ́n sún un síwájú.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fẹ́ kọ iye gbogbo ọmọ Okun sínú iṣẹ́ àṣekágbá mi. Níbo ni mo ti lè rí i? (Ìyàrà, Ìjùmú)

Èsì: O ò lè rí i nínú ìkànìyàn 2006, ọmọ wa, torí wọn ò béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò sì béèrè ẹ̀sìn. Ẹni tó bá ro Kàbbà/Bùnú, Ìjùmú, Mopa-Muro àti Yàgbà méjèèjì pọ̀, tó wá pe àpapọ̀ rẹ̀ ní iye àwọn Okun, ti ka àgbẹ̀ Ebira, Fúlàní inú gáà, Núpé àti oníṣòwò Ìgbò mọ́ wa. Ó sì ti fi àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ sílẹ̀, nítorí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́kọ́jà ni wọ́n wà. Kọ “àwọn tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Okun”, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jiyàn. Má sì fi iye ẹkùn ìdìbò sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Kogí rọ́pò rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méje ló wà níbẹ̀, Lọ́kọ́jà àti Kogí tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Koton-Karfe ni ìkẹfà àti ìkeje.

Ìbéèrè: A fẹ́ tọrọ kànga ẹ̀rọ kejì fún abúlé wa. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ mú iye ènìyàn wa wá. Báwo la ṣe máa ka ara wa tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè já a ní irọ́? (Olórí ẹgbẹ́ obìnrin, Bùnú)

Èsì: Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkànìyàn tí a ṣe lẹ́yìn ìjà kì í tán ìjà.

Ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó mọ ènìyàn. Ẹ mú ìwé fífẹ̀ kan, kí ẹni méjì tó mọ ilẹ̀ dáadáa rìn yí etí abúlé ká. Kí wọ́n ya ọ̀nà, odò, àpáta ńlá, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, àti gbogbo àbà oko tí ènìyàn ń sùn sí. Àbà ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Bí ẹ bá ní fóònù tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì tó bá gbé jáde sílẹ̀, kí ẹ má sì gbé wọn fún ara wọn. Kàbbà wà ní nǹkan bíi 7.83 sí àríwá àti 6.07 sí ìlà oòrùn. Bí ẹ bá fi 6.07 ṣáájú, Ìpínlẹ̀ Ebonyi ni àwòrán ilẹ̀ máa gbé yín lọ, ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ wá wo abúlé yín á sì máa wá a sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ilé kọ̀ọ̀kan, lápá òkè férémù ilẹ̀kùn, níbi tí òjò ò ti ní fọ̀ ọ́. Ẹfun kì í pẹ́ pa rẹ́. Ilé títì náà gba nọ́ńbà; ẹ kọ “títì” sí i nínú ìwé.

Ilé ò sì jẹ́ ìdílé. Àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan. Agboolé kan lè ní ìdílé márùn-ún. Níbi tí ìyàwó méjì ti ń dá oúnjẹ sè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdílé méjì ni. Baálé á wà lábẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òfin yòówù tí ẹ bá yàn, òun náà ni kí gbogbo akàwé, ìyẹn àwọn tó ń ka ènìyàn, lò.

Ẹ fa òpó méjì sínú ìwé: ọ̀kan fún ẹni tó sùn nínú ilé náà lóru àná, ìkejì fún ẹni tó máa ń gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán nínú ọdún, ì báà sùn síbẹ̀ lánàá, ì báà má sùn síbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ wá wò láti Èkó á bọ́ sí òpó kìíní nìkan. Ẹni tó lọ tajà tí kò tíì dé á bọ́ sí ìkejì nìkan. Òpó kejì lẹ máa fi tọrọ omi. Ẹ má kà á ní ọjọ́ Kérésìmesì tàbí Àjíǹde, ẹ má kà á ní Sátidé tí òkú tàbí ìgbéyàwó wà nílùú, ẹ sì yẹra fún ọjọ́ ọjà. Tuesday tàbí Wednesday lásán dára, láàárọ̀ kùtù kí àwọn àgbẹ̀ tó jáde.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Torí náà, kí akàwé má bi ẹnikẹ́ni pé “Ọmọ mélòó lẹ ní?” Kó béèrè pé, “Ta ni gbogbo àwọn tó sùn síbí lánàá?”, kí onílé máa dárúkọ wọn, kí òun máa fa igi sínú ìwé. Yàtọ̀ sí ti ọ̀wọ̀, orúkọ ń fi òótọ́ hàn ju iye lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Baálé ní mẹ́jọ làwọn: òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́fà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ, méjì nínú ọmọ náà wà l'Ékòó, ọ̀kan ń gbé nílé ìwé ní Kàbbà. Ó ku márùn-ún. Akàwé wá béèrè ẹni tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn: ìyá baálé àti ọmọ ọmọ tó ń sùn tì í. Yàrá ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Olùkọ́ kan tó ń gbé ibẹ̀, tó ń dáná tirẹ̀. Ó tún di mẹ́jọ. Iye bára mu, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà kọ́ ni, ìdílé méjì ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan.

Àwọn mìíràn tó máa ń bọ́ sílẹ̀ ni ìkókó tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, aláìsàn tó wà lórí ẹní, ọmọ ọ̀dọ̀, àti àwọn tó ń sùn lóko. Ẹ lọ sí gáà Fúlàní, ẹ lọ sí abà àwọn àgbẹ̀ Ebira. Inú omi kan náà ni wọ́n ti ń pọn. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò nínú ìwé, ẹ ò lè yọ wọ́n kúrò nídìí kànga. Bí àwọn kan bá bẹ̀rù pé owó orí lẹ fẹ́ gbà, kí ọmọ ilé wọn kan tẹ̀ lé akàwé.

Ní ti ọjọ́ orí, àgbàlagbà á sọ pé òun jẹ́ ọgọ́ta tàbí àádọ́rin, nítorí iye tó dọ́gba ló rọrùn fún ẹnu. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá a. Ṣé wọ́n ti bí yín kí òmìnira 1960 tó dé? Ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́ nígbà tí mọ́tò yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní April 1972, tàbí nígbà tí náírà rọ́pò páùn ní January 1973? Ẹ ti lọ́kọ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó ní 1984? Ẹ ti bí àkọ́bí nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní August 1991? Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta á sún yín mọ́ ọdún tó jẹ́ òótọ́.

Bí ẹ bá parí, kí ẹlòmíràn tí kò bá wọn ka ti àkọ́kọ́ tún ilé kan nínú mẹ́wàá kà, kó má sì rí ìwé tàkọ́kọ́. Bí ìyàtọ̀ bá ju ènìyàn márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ wá ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ìgbà púpọ̀, akàwé kan ṣoṣo ló jókòó sí ìdí igi tó ń béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò dípò kó wọlé.

Ẹ wá sọ iye di omi. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2000 ní kí ará abúlé rí 30 lítà lójúmọ́, láàárín 250 mítà sí ilé rẹ̀, kí ojú omi kan sì wà fún ènìyàn 250 sí 500. Ká ní ẹ jẹ́ 640: 640 lọ́nà 30 jẹ́ 19,200 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà 768 lójúmọ́. Ẹ dúró nídìí ẹ̀rọ yín pẹ̀lú aago. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá ń gba ìṣẹ́jú méjì láti kún, àti gbígbé kalẹ̀ àti gbígbé kúrò, 768 á gba wákàtí tó lé ní 25. Ọjọ́ kan ò sì ju wákàtí 24 lọ. Ẹ kọ ìṣirò yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́ lẹ́tà yín, ṣáájú ìkíni gígùn, kí ẹ sì so àwòrán ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Kànga ẹ̀rọ méjì tí wọ́n gbẹ́ fún wa ti gbẹ, ti abúlé kejì ń ṣàn. Ṣé ilẹ̀ wa burú ni? (Ìjùmú)

Èsì: Ilẹ̀ yín ò burú, àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àpáta líle àtayébáyé, irú èyí tó yọrí síta di òkè kiri ilẹ̀ Okun, kì í mu omi. Ibi méjì péré ni omi ń gbé: nínú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí rẹ̀, níbi tí àpáta ti jẹrà di yanrìn àti amọ̀, àti nínú ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti là. Níbi tí ilẹ̀ rírọ̀ yìí ti jìn tó mítà ogún, omi lè wà níbẹ̀ títí ọyẹ́ á fi lọ. Níbi tí kò ti ju mítà mẹ́ta lọ, tí àpáta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò sì là, ẹ̀rọ á gbẹ́ títí, eruku ló máa tú jáde. Ọgọ́rùn-ún mítà péré ló lè wà láàárín méjèèjì.

Ohun tó sábà ń fa gbígbẹ ni pé wọ́n gbẹ́ ẹ síbi tó wu ènìyàn: iwájú ilé olóyè, ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkọ̀ ẹ̀rọ lè dé. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi iná mànàmáná yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, wọ́n máa ń kan irin mọ́lẹ̀ láti fi ṣe é, ó kéré tán níbi mẹ́ta, kí wọ́n sì fi èsì hàn yín lórí ìwé kí ẹ̀rọ tó dé. Èkejì ni àsìkò. Òjò wa ń rọ̀ láti bíi April dé October. Kànga tí wọ́n gbẹ́ ní September ń rí omi tó kún fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sọ pé ó ti tó. Láàárín February sí ìbẹ̀rẹ̀ April ni omi ń lọ sísàlẹ̀ jù. Omi tí ẹ bá bá nígbà náà ni tiyín lóòótọ́. Ohun kan náà ló kan kànga tí ẹ bá fi ọwọ́ gbẹ́: bí ẹ bá kan omi lákòókò ọ̀dá, ẹ tún wọlẹ̀ sí i ní mítà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó dúró. Bí dígà bá sì kan òkúta, ẹ má sáré sọ pé àpáta ti dé. Òkúta ńlá máa ń wà láàárín ilẹ̀ rírọ̀, omi á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò.

Kí ṣáláńgá jìnnà sí i ní 30 mítà ó kéré tán, kó má sì wà lápá òkè tí omi ń ṣàn bọ̀. Ẹ tún gba ìwé lọ́wọ́ agbẹ́kànga: bó ṣe jìn tó, ibi tí omi dúró sí, wákàtí tí wọ́n fi fà á wò. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ìwé yẹn ni alátùn-ún-ṣe máa kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìlú wa fi ń jẹ́ pé ẹsẹ̀ òkè ló wà, tí àwọn àgbà sì ń pe orí òkè ní “ilé àtijọ́”? (Olùkọ́, Yàgbà)

Èsì: Ogun Núpé ni. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun láti Bídà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ń kó ènìyàn wa lẹ́rú. Ẹṣin ò lè gun àpáta, torí náà orí òkè di ibùgbé. January 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company, iléeṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gba Kàbbà lọ, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà lóṣù kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sẹ́bàá oko àti omi, ọ̀nà mọ́tò sì tún fa ilé mọ́ra nígbà tó yá. Bí ẹ bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun òkè lọ, ẹ wo ojú ọlọ lára àpáta, ibi jíjìn tó ń dán tí wọ́n ti lọ ọkà títí, ẹ wo àpáàdì ìkòkò àti òkúta tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ wọn ojú ọlọ náà, ẹ kà wọ́n, ẹ kọ nọ́ńbà tí fóònù bá gbé jáde níbẹ̀, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbi tí ẹ bá wọn. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ bi àgbà tó mú yín lọ ní orúkọ agboolé tó ni ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.